Ọdún Tí Wọ́n Sọ Ilé Wa Di Ilé Iwin

Ilé wa ní Ibafo kò ní iwin. Mo fẹ́ kí ẹ gbọ́ èyí kí n tó sọ ohunkóhun, nítorí títí di òní àwọn kan ṣì wà tí wọ́n máa ń yára ẹsẹ̀ tí wọ́n bá ń kọjá níwájú rẹ̀. Ó ní eku, ó ní aláǹgbá, ó ní ẹ̀fọn tó tóbi tó eṣinṣin, ó sì ní Ìyá Àgbà, ìyá tó bí bàbá mi, ẹni tó lè bá èèyàn jà láti orí ẹní láìdìde. Ṣùgbọ́n iwin, rárá. Àwa mẹ́rin la ń gbé ibẹ̀ lọ́dún yẹn: Bàámi, Màámi, Ìyá Àgbà, àti èmi Àbẹ̀kẹ́, ọmọ ọdún mẹ́wàá tí etí rẹ̀ gbọ́ ju ohun tí wọ́n rán an lọ. Bíríkìlà ni Bàámi. Láti Ìkirè ló ti wá wá iṣẹ́ sí ìhà ọ̀hún, òun ló sì kọ́ ìdajì àwọn ilé tó wà ládùúgbò wa. Ó rẹ́ ògiri wọn títí wọ́n fi ń dán bí ẹ̀yìn abọ́. Tiwa nìkan ni kò rẹ́. Búlọ́ọ̀kù ilé wa yọ síta bí eyín ẹni tó ń rẹ́rìn-ín láìnídìí. Fèrèsé méjì ló ní gíláàsì. Àpò sìmẹ́ńtì la fi bo àwọn yòókù, tí atẹ́gùn bá sì fẹ́, wọ́n á wú, wọ́n á fọn, bí ikùn àgbàlagbà tó sùn lẹ́yìn oúnjẹ. Òjò ti fa ìlà dúdú sára ògiri láti abẹ́ páànù wá sílẹ̀. Tí àwọn aládùúgbò bá bèèrè ìgbà tí Bàámi máa parí ilé náà, Ìyá Àgbà ló máa ń bá a dáhùn. Á ní, "Bí ọ̀bẹ ṣe mú tó, kì í gbẹ́ èkù ara rẹ̀." Tí wọ́n bá ti lọ tán, á yíjú sí ọmọ rẹ̀, á ní, "Ṣùgbọ́n ọ̀bẹ kì í sùn nínú èkù tó ń jò, Àjàní."

Ariwo ló máa ń jí wa láràárọ̀. Tírélà máa ń han lójú títì márosẹ̀, ẹ̀rọ ìránṣọ Màámi á bẹ̀rẹ̀ sí í sọ tirẹ̀ ní yàrá iwájú, Ìyá Àgbà á sì máa wú ikọ́ tí kò nídìí, ikọ́ tí ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé ògì òun dà. Iṣẹ́ tèmi ni láti pọn omi láti inú kànga, láti gbálẹ̀, àti láti ṣa abẹ́rẹ́ tó kán nílẹ̀ kó má baà gún oníbàárà lẹ́sẹ̀. Ní Sátidé, a máa ń jẹ àkàrà. Lọ́jọ́ yòókù, a máa ń jẹ ohun tó bá wà, èyí tó sábà máa ń jẹ́ ẹ̀wà, tí Bàámi á fi gaàrí wọ́n lórí, tí á sì máa jẹ ẹ́ lórí búlọ́ọ̀kù kan níwájú ilé, tí á máa wo ilé rẹ̀. Mo rò nígbà yẹn pé ó kàn fẹ́ràn láti jókòó níta ni. Nísinsìnyí tí èmi náà ti ń ra sìmẹ́ńtì lápò kọ̀ọ̀kan, mo mọ ohun tó ń wò. Ilé tó ti parí ló ń wò. Ó ti rẹ́ ẹ, ó ti kùn ún, ó ti fi ilẹ̀kùn irin sí i, gbogbo rẹ̀ nínú orí rẹ̀. Àwa nìkan la ń gbé inú èyí tó kù.

Ìgbà ìsinmi ọlọ́jọ́ gbọọrọ ni àwọn onífíìmù dé. Bọ́ọ̀sì kékeré kan ló dúró, àwọn mẹ́rin sọ̀ kalẹ̀, ẹni tó ṣáájú sì jẹ́ ọkùnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan tí ṣòkòtò rẹ̀ ní àpò tó ju ti sìmẹ́ńtì lọ. Ọ̀gá Tádé lorúkọ rẹ̀. Òun ni darẹ́kítọ̀. Ó dúró síwájú ilé wa, ó gbé ọwọ́ lé àyà, ó sì wò ó bí ọkùnrin ṣe ń wo obìnrin tó ti ń wá láti ọjọ́ pípẹ́.

"Bàbá," ó ní, "ẹ̀yin lẹ ni ilé yìí?"

"Èmi ni mo ni ín. Èmi náà ni mo kọ́ ọ."

"Láti Ifọ̀ la ti ń wá a kiri. A dé Ajuwon, a dé Mowe. Kò sí ilé tó dà bí èyí. Ọlọ́run ló darí wa wá síbí."

Mi ò tíì rí ojú Bàámi báyẹn rí. Ó fa ọkùnrin náà lọ́wọ́, ó mú un yípo ilé, ó ń sọ bí òun ṣe gbẹ́ ìpìlẹ̀ jìn nítorí ẹrẹ̀, bí òun ṣe mọ gbogbo búlọ́ọ̀kù náà fúnra òun, bí igun kọ̀ọ̀kan ṣe dúró ṣánṣán. Ọ̀gá Tádé ń mi orí. Wọ́n fẹ́ lo ilé náà fún ọjọ́ mẹ́ta, wọ́n sì sọ iye tí wọ́n máa fún un. Bàámi ti gbà kí wọ́n tó sọ̀rọ̀ tán. Nígbà tó wọlé lọ pe Màámi, darẹ́kítọ̀ yíjú sí ẹni tó gbé kámẹ́rà. Ẹ̀yìn dúrọ́ọ̀mù omi ni mo wà.

"A ò ní náwó kankan sí i," ó ní. "Wo ògiri. Wo àpò tó wà lójú fèrèsé. Òkú gan-an ò ní gbà láti sùn ńbẹ̀."

Mo sáré lọ bá Ìyá Àgbà ní ilé ìdáná, mo sọ fún un. Ó rẹ́rìn-ín títí orín fi jábọ́ lẹ́nu rẹ̀. Lẹ́yìn náà ó dì mí létí mú. "O ò gbọ́ nǹkan kan," ó ní. "Jẹ́ kí bàbá rẹ fi ọjọ́ mẹ́ta gbádùn."

Fíìmù iwin ni wọ́n ń ṣe. Àwọn ọ̀rẹ́ mẹ́ta kan ya ilé àtijọ́, iwin tó wà níbẹ̀ sì ń pa wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan. Òru ni gbogbo rẹ̀ yẹ kó ṣẹlẹ̀, ṣùgbọ́n wọn kì í san owó òru fún àwọn òṣèré, nítorí náà wọ́n fi ọ̀rá dúdú bo gbogbo ojú fèrèsé, òru sì ṣú ní ilé wa ní aago mẹ́wàá àárọ̀. Ooru fẹ́rẹ̀ẹ́ pa wá. Tí wọ́n bá ń sinmi, iwin, òkú àti èèyàn á jọ jáde síta, wọn á máa fi ìwé eré fẹ́ ara wọn. Wọ́n fún èmi náà níṣẹ́: wọ́n so okùn mọ́ ilẹ̀kùn, mo fara pamọ́ sẹ́yìn àga, tí darẹ́kítọ̀ bá ti gbé ìka sókè, mo fà á, ilẹ̀kùn á sì ṣí fúnra rẹ̀. Tí ẹ bá rí fíìmù náà, tí ilẹ̀kùn sì ń gbọ̀n lẹ́ẹ̀mẹta dípò ẹ̀ẹ̀kan, èmi ni. Ẹ̀fọn ló jẹ mí. Tòmátò inú agolo tí wọ́n pò mọ́ ṣúgà ni ẹ̀jẹ̀. Ọmọbìnrin tó kọ́kọ́ kú dùbúlẹ̀ sínú rẹ̀ lórí ilẹ̀ wa, èèrà sì gbọ́ òórùn ṣúgà. Òkú tó yẹ kó dákẹ́ fò sókè, ó ké, ó sá jáde pẹ̀lú ẹ̀jẹ̀ lára. Ọ̀gá Tádé ní òun ò tíì gbọ́ irú igbe bẹ́ẹ̀ láti ọjọ́ tí òun ti ń ṣe fíìmù. Ó gé e, ó lẹ̀ ẹ́ mọ́ ibi mẹ́rin.

Ọjọ́ kejì ni ọ̀ràn dé. Obìnrin tó yẹ kó ṣe iwin kò wá. Wọ́n ní ó ti gba iṣẹ́ míì. Darẹ́kítọ̀ ní kí wọ́n kọ́kọ́ ya ibi tí ọ̀dọ́kùnrin kan ti máa jókòó nínú òkùnkùn, tí á máa tẹ́tí sílẹ̀. Kámẹ́rà ń ṣiṣẹ́, ilé dákẹ́. Àṣé àwọn wọ̀nyí ti lọ gbé ìkòkò ògì Ìyá Àgbà láti fi po ẹ̀jẹ̀. Ìyá Àgbà jí láti ojú oorun ọ̀sán, ó fẹ́ ṣe ògì, kò rí ìkòkò. Ó jáde nínú ìró funfun, kò wé gèlè, irun rẹ̀ dúró bí òwú tó fọ́, ó la àárín òkùnkùn kọjá, ó dúró sẹ́yìn ọ̀dọ́kùnrin náà, ó sì bèèrè pẹ̀lú ohùn ẹni tí kò tíì mu omi:

"Ta ló gbé ìkòkò mi?"

Ọ̀dọ́kùnrin náà bojú wẹ̀yìn. Kò ké. Ó gba ojú fèrèsé jáde, òun àti ọ̀rá dúdú àti àpò sìmẹ́ńtì, a kò sì rí i mọ́ títí ilẹ̀ fi ṣú nítòótọ́. Gbogbo wa wo darẹ́kítọ̀. Ó ti kúnlẹ̀ níwájú Ìyá Àgbà.

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ṣé ẹ lè tún un sọ?"

"Mo ní ta ló gbé ìkòkò mi! Ṣé adití ni ọ́ ni?"

Ní ọ̀sán yẹn ni wọ́n yí ìtàn padà. Ó wá di ti ìyá arúgbó kan tí wọ́n jí ìkòkò rẹ̀ gbé kó tó kú, tó sì ń bèèrè rẹ̀ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni tó bá wọ ilé. Wọ́n da àtíkè sí i lójú. Wọ́n ní kó máa rìn jẹ́jẹ́, ó ní àrùn oríkèé ti ń bá òun ṣe ìyẹn láti ọjọ́ pípẹ́. Wọ́n ní kó má rẹ́rìn-ín tó bá fún ẹnìkan lọ́rùn. Ìyẹn ni kò rọrùn fún un. Kí ọjọ́ kẹta tó parí, òun ló ń sọ fún darẹ́kítọ̀ ibi tí iná yẹ kó ti máa wá.

Láàárín oṣù mélòó kan tí a fi ń retí kí fíìmù náà jáde, Bàámi sọ fún gbogbo ayé. Kò sí ibi iṣẹ́ tó dé tí kò ti sọ pé nínú gbogbo ilé tó wà láti Ifọ̀ dé Mowe, tòun ni wọ́n mú. Nígbà tó jáde, ó ra sídí rẹ̀, ó yá jẹnẹrétọ̀, ó sì pe àwọn aládùúgbò àti àwọn bíríkìlà ẹgbẹ́ rẹ̀ wá sí pálọ̀ wa ní ọ̀sán Sunday kan. Ó dé fìlà. Màámi din àkàrà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kì í ṣe Sátidé. Èmi jókòó sẹ́bàá Ìyá Àgbà, ọkàn mi ò balẹ̀, nítorí ọ̀rọ̀ ẹ̀yìn dúrọ́ọ̀mù yẹn ṣì ń dún létí mi.

Ilé wa ló kọ́kọ́ yọ. Wọ́n ti fi àwọ̀ búlúù bò ó, ààrá ń sán, àwọn ẹyẹ kan tí a kò ní ní Ibafo sì ń ké lórí páànù. Àwọn ọ̀rẹ́ mẹ́ta náà dúró síwájú rẹ̀. Ọ̀kan ní, "Háà! Ta ló kọ́ irú ilé burúkú yìí?" Èkejì dá a lóhùn pé, "Wọ́n ní ẹni tó kọ́ ọ ya wèrè kó tó parí rẹ̀."

Ẹnìkan rẹ́rìn-ín. Ẹlòmíì tẹ̀lé e. Àwọn bíríkìlà wo Bàámi, wọ́n wo ògiri tó wà lẹ́yìn rẹ̀, wọ́n tún wo ògiri inú tẹlifíṣọ̀n, ẹ̀rín sì gba gbogbo pálọ̀. Wọn kò ní i lọ́kàn láti ṣe é ní ibi. Ẹ̀rín náà kàn ṣòro mú mọ́ra ni. Nígbà tí Ìyá Àgbà yọ, tó bèèrè ìkòkò rẹ̀, wọ́n fẹ́rẹ̀ẹ́ wó pálọ̀ lulẹ̀. Bàámi jókòó títí fíìmù fi parí. Ó kí wọn pé wọ́n ṣeun. Ó ní kí wọ́n kó àkàrà tó kù lọ. Lẹ́yìn náà ló bọ́ fìlà, ó kọjá sẹ́yìnkùlé.

Ẹ má ṣe rò pé mo káàánú rẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Ọmọ ni mí, mo sì ti di olókìkí. Ní ilé ìwé, mo sọ fún wọn pé iwin náà kò bá àwọn onífíìmù lọ. Mo ní ó ń sùn lórí àjà wa, mo ní mo máa ń gbé ògì fún un. Mo pe ilé wa ní Ilé Iwin, mo sì gbádùn bí orúkọ náà ṣe dún lẹ́nu mi. Àwọn ọmọ gbé e délé, àwọn ẹ̀gbọ́n wọn tó ń gun ọ̀kadà gbé e dójú títì. Kí oṣù tó parí, ibi tí a ń gbé ti di ibùdókọ̀. "Ó kan Ilé Iwin! Ta ló ń bọ́ọ́lẹ̀?" Oníbàárà Màámi kan kọ̀ láti wọlé wọn aṣọ, ìta gbangba ni ó ti ní kí Màámi wọn òun. Ìyá Àgbà nìkan ni inú rẹ̀ dùn. Tó bá ń kọjá, àwọn ọmọ á kígbe láti ọ̀nà jíjìn pé, "Ta ló gbé ìkòkò mi?" Òun náà á na ọwọ́ méjèèjì, á lé wọn fún ìṣísẹ̀ mẹ́ta, á wá dúró mí.

Lẹ́yìn náà ni Alhaji kan wá. Ó fẹ́ kọ́ ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kan ní Mowe, ẹnìkan ló sì júwe Bàámi fún un. Iṣẹ́ tí á gbé wa fún ọdún kan ni. Ó gun ọ̀kadà, ó sọ orúkọ Bàámi, ọlọ́kadà ní, "Áà, ti Ilé Iwin!" Èmi ni mo gbé omi fún Alhaji náà. Kò mu ún. Ó wo ògiri wa láti òkè dé ilẹ̀, ó wo àpò ojú fèrèsé, ó ní, "Ó dáa, màá pè yín," ó sì fẹsẹ̀ rìn padà lọ sójú títì. Kò pè.

Ọjọ́ kẹrin tí Bàámi ò lọ síbi iṣẹ́, Ìyá Àgbà gbé àpótí rẹ̀ lọ bá a lẹ́yìnkùlé, mo sì tẹ̀lé e.

"Àjàní," ó ní, "ṣé ìtìjú lo fẹ́ máa jẹ dípò èbà?"

"Ìyá, ẹ fi mí sílẹ̀. Ẹ gbọ́ ohun tí wọ́n sọ. Mo rò pé torí pé ilé náà dáa ni wọ́n ṣe mú un."

"Mo mọ̀ pé kì í ṣe torí bẹ́ẹ̀. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti dé ni mo ti mọ̀. Ọmọ yìí ló gbọ́ ọ, èmi ni mo ní kó pa ẹnu mọ́."

Bàámi wò mí. Mo wà lórí eékún kó tó sọ̀rọ̀. "Kí ni ọkùnrin yẹn sọ gan-an?" ó ní.

Mo sọ ọ́ bí mo ṣe gbọ́ ọ, pé òkú gan-an ò ní gbà láti sùn ńbẹ̀. Ẹkún sì gbé èyí tó kù jáde lẹ́nu mi: "Èmi náà ni mo pe ilé yìí ní Ilé Iwin, sà. Èmi ni mo kọ́kọ́ pè é bẹ́ẹ̀ ní ilé ìwé. Alhaji kì bá tí mọ̀."

Mo ń retí ìgbátí. Ó na ọwọ́, ó fi ìka ha ara búlọ́ọ̀kù tó súnmọ́ ọn, iyanrìn sì ń dà sílẹ̀. "Alhaji ní ojú," ó ní. "Kì í ṣe ẹnu rẹ ló wò." Lẹ́yìn náà ó yíjú sí ìyá rẹ̀. "Mo fẹ́ parí rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà ni, Ìyá. Mi ò fẹ́ máa rẹ́ ẹ ní abala abala bí ẹni tó ń lẹ aṣọ."

"Ṣé lẹ́ẹ̀kan náà ni mo bí ọ, kí o sì dìde kí o máa rìn?" Ìyá Àgbà ní. "Dìde, jàre."

Ariwo ajọ̀ ló jí mi láàárọ̀ ọjọ́ kejì. Bàámi ń jọ iyanrìn. Àpò sìmẹ́ńtì kan ṣoṣo ló ní, ó sì fi rẹ́ ibi tó mọ, ìyẹn ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀kùn iwájú. Ó rí bí ẹni tó fá apá kan irùngbọ̀n. Ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀lé e, ó rẹ́ díẹ̀ sí i. Lọ́jọ́ Sunday kan, méjì nínú àwọn bíríkìlà tó rẹ́rìn-ín ní pálọ̀ wa dé pẹ̀lú irinṣẹ́ wọn, wọn ò sọ pé ẹ jọ̀ọ́ má bínú, wọ́n kàn bọ́ ẹ̀wù ni. Èmi ni mo ń pọn omi. Orí mi fẹ́rẹ̀ẹ́ pá. Mo ń pọn ọ́n láìráhùn, ìyẹn sì ya Màámi lẹ́nu tó bẹ́ẹ̀ tó fi bèèrè bóyá ara mi ò yá. Nígbà tí òjò àkọ́rọ̀ rọ̀, ògiri wa kò mu omi. Bàámi wá kun ilé náà ní àwọ̀ ìyeyè. Ìyá Àgbà wò ó láti iwájú, ó wò ó láti ẹ̀gbẹ́. "Ó dára," ó ní. "Ó jọ ìgbẹ́ ọmọ tuntun, ṣùgbọ́n ó dára."

Ọjọ́ tí àwọ̀ náà gbẹ tán kò tíì pé oṣù kan nígbà tí bọ́ọ̀sì kékeré yẹn tún yọ. Ó kọjá níwájú wa, ó yí padà, ó tún kọjá. Nígbà tó dúró, Ọ̀gá Tádé sọ̀ kalẹ̀ láìgbé ọwọ́ lé àyà.

"Bàbá! A wá fún Páàtì Tuu fíìmù wa. Kí lẹ ṣe fún ilé yìí?"

"Mo rẹ́ ẹ."

"Áà, ẹ ti bà á jẹ́!"

Bàámi rọra gbé abọ́ ẹ̀wà rẹ̀ sílẹ̀. "Ẹ jọ̀ọ́, ọ̀gá, ẹ tún un sọ. Mi ò gbọ́ dáadáa."

"Mo ní ilé yìí ti bàjẹ́! Ta ni á wo èyí tí ẹ̀rù á bà? Iwin wo ló máa gbà láti gbé inú rẹ̀?"

Bàámi bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín. Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi di ògiri mú, ó pe Màámi jáde pé kó wá gbọ́, ó ní kí ọkùnrin náà sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kẹta. Àárín ẹ̀rín yìí ni Ìyá Àgbà yọ láti inú ilé. Ó ti gbọ́ ìró bọ́ọ̀sì. Ó ti ró ìró funfun, ó ti tú irun rẹ̀ ká, ó sì ti da àtíkè Màámi sójú fúnra rẹ̀. Nígbà tí wọ́n ṣàlàyé fún un, ó gbé ojú sókè wo ògiri aláwọ̀ ìyeyè náà, ó wo ọmọ rẹ̀.

"Àjàní, o ti gba iṣẹ́ lọ́wọ́ mi."

"Ìyá, ẹ má bínú."

"Má bá mi sọ̀rọ̀." Ó yíjú sí darẹ́kítọ̀. "Ṣé ilé yìí nìkan ni iwin lè gbé ni? Ẹ wá òmíì. Mo ń bọ̀."

Bí ó ṣe wọ bọ́ọ̀sì nìyẹn, tòun ti ìkòkò ògì rẹ̀ lórí itan. Òkè-Aró ni wọ́n gbé e lọ, sí ilé kan tí onílé rẹ̀ pa tì kó tó dé òrùlé. Ọjọ́ mẹ́ta ló lò níbẹ̀. Ní ọ̀sán ọjọ́ kẹrin tí wọ́n dá a padà, ó ti sanra díẹ̀, àtíkè ṣì wà lójú rẹ̀, kò sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni kí òun tán kó tó bẹ̀rẹ̀.

"Ògiri ilé yẹn wọ́ bí ọ̀nà oko," ó ní. "Mo sọ bẹ́ẹ̀ fún onílé. Ó wá wo bí a ṣe ń ṣe fíìmù níjọ́ kejì, mo sì bá a sọ̀rọ̀ nígbà tí a ń sinmi. Mo ní ọmọ mi ni bíríkìlà. Ó ní ilé wo ló kọ́ tí òun lè rí? Mo ní kó bi darẹ́kítọ̀. Darẹ́kítọ̀ fẹnu ara rẹ̀ sọ pé a ò lè lo ilé rẹ mọ́, pé ó ti dára jù." Ó jókòó sórí àpótí, ó na ẹsẹ̀ méjèèjì. "Onílé ní kí o wá bá òun lọ́jọ́ Mọ́ńdè. Ó fẹ́ kí o parí ilé náà fún òun. Ṣùgbọ́n kọ́kọ́ jẹ́ kí wọ́n ya Páàtì Tiri."

Bàámi wo arúgbó tó jókòó níwájú rẹ̀ nínú ìró funfun, tí irun rẹ̀ dúró gángán, tí ojú rẹ̀ funfun bí ẹfun. Lẹ́yìn náà, lórí ilẹ̀ tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ rẹ́, bàbá mi dọ̀bálẹ̀ gbalaja fún iwin.